Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Òṣùpá: Ta Ló Ń Sọ Ohun Tó Jẹ́ Pílánẹ́ẹ̀tì?

Bí ẹ bá bi ẹni tó parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọdún 2006 pé pílánẹ́ẹ̀tì mélòó ló ń yí oòrùn ká, yóò dáhùn pé mẹ́sàn-án ni. Bí ẹ bá bi àwa tí a wọ ilé ìwé lẹ́yìn ìgbà náà, mẹ́jọ la máa sọ. Kò sí èyí tó já bọ́ láti ojú ọ̀run láàárín ìgbà tiwọn àti tiwa. Pluto tí wọ́n kà mọ́ ọn nígbà náà ṣì wà níbi tó wà, ọ̀nà tó ń rìn tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń rìn. Ohun tó yí padà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ìbò ni wọ́n sì fi yí i padà, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2006, ní ìlú Prague ní orílẹ̀-èdè Czech.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀ka wa á máa bi ara wọn pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run. Ó kàn wá gan-an ni. Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti ń bi wá nínú ìdánwò pé, "Kí ni oríkì fóníìmù? Kí ni oríkì mófíìmù?" Ní kíláàsì wa, oríkì ni gbólóhùn tó ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́, tó sì ń ya ohun tí kì í ṣe òun sọ́tọ̀. A máa ń há a sórí bí ẹni pé ó ti wà kí a tó dáyé. Ọ̀rọ̀ Pluto ló jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé àwọn èèyàn ló ń jókòó ṣe oríkì, pé wọ́n lè jiyàn lé e lórí, àti pé wọ́n lè pa á dà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é, ìdí tí àwọn kan kò fi gbà títí di òní, àti ohun tó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ nípa èdè rí dì mú níbẹ̀.

Àgùàlà àti òṣùpá

Ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ní alẹ́ tí iná bá ti lọ yóò rí ojú ọ̀run dáadáa. Ní àwọn oṣù kan nínú ọdún, ohun kan máa ń yọ bí ìràwọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ní kété tí oòrùn bá ti wọ̀, á sì mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ yòókù lọ. Ní àwọn oṣù mìíràn, ìlà-oòrùn ni yóò ti yọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ní àkókò tí àwọn apẹja ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àgùàlà nìyẹn. Òun ni wọ́n ń pè ní Venus nínú ìwé sáyẹ́ǹsì.

Ní àwọn alẹ́ kan, Àgùàlà máa ń sún mọ́ òṣùpá débi pé ẹni tó ń wò wọ́n á rò pé ńṣe ni wọ́n jọ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní ajá òṣùpá. Ṣùgbọ́n òwe wa kò fara mọ́ ọn. Òwe náà ní: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. "Wọ́n ṣe bí" yẹn ni kókó ibẹ̀. Ẹni tó pa òwe náà ń sọ pé àwọn tó ń wòran ló ṣi Àgùàlà mú, pé kí èèyàn máa bá ẹni ńlá rìn kò sọ ọ́ di ìránṣẹ́ ẹni ńlá.

Sáyẹ́ǹsì gbè sẹ́yìn òwe yìí. Òṣùpá fẹ̀ tó 3,474 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Àgùàlà fẹ̀ tó 12,104. Ajá náà fẹ̀ tó olówó rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta àti ààbọ̀! Òṣùpá ń yí Ayé ká, Àgùàlà ń yí oòrùn ká ní tirẹ̀. Ojú wa nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Àmọ́ Yorùbá kan náà ló tún ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tí nǹkan ń kó ní ohun tó ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ mú òwe méjèèjì yìí dání, nítorí àárín wọn ni gbogbo àríyànjiyàn lórí Pluto wà. Ṣé ohun tí nǹkan jẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí a fi pín in sí ìsọ̀rí, àbí ibi tó wà àti àwọn tó yí i ká?

Iye tí kò dúró sójú kan

Àwọn kan sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iye pílánẹ́ẹ̀tì kò yí padà rí àfi ní 2006. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Gíríìkì àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni alárìnká. Àwọn ìràwọ̀ tó kù kì í kúrò nípò sí ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn méje kan wà tí ń rìn kiri láàárín wọn: Mercury, Àgùàlà, Mars, Jupiter, Saturn, pẹ̀lú oòrùn àti òṣùpá. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ka oòrùn àti òṣùpá mọ́ àwọn alárìnká. Ayé tí a ń gbé kò sí níbẹ̀, torí lójú wọn ńṣe ló dúró gbári sí àárín. Oríkì tiwọn dá lórí ohun tí ojú rí, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi í ṣe, ó ṣe é.

Nígbà tí ìwé Copernicus jáde ní 1543, oòrùn ló bọ́ sí àárín. Ayé wá di pílánẹ́ẹ̀tì, oòrùn jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, òṣùpá sì di ọmọlẹ́yìn Ayé. Mẹ́fà ló ṣẹ́ kù. William Herschel rí Uranus ní 1781, ó di méje.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi rí ohun kékeré kan láàárín Mars àti Jupiter láti ìlú Palermo. Wọ́n sọ ọ́ ní Ceres, wọ́n sì kà á sí pílánẹ́ẹ̀tì. Pallas tẹ̀ lé e ní 1802, Juno ní 1804, Vesta ní 1807. Àwọn náà wọ inú ìwé bíi pílánẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nìyẹn. Neptune wọlé ní 1846. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1851, àwọn ohun kékeré tí wọ́n ti rí láàárín Mars àti Jupiter ti lé ní mẹ́wàá, òmíràn sì tún ń yọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kó gbogbo wọn sí ìsọ̀rí tiwọn, tí wọ́n ń pè ní asteroid. Kò sí ìbò, kò sí ìpàdé ńlá. Ceres ti bọ́ sípò tí Pluto wà lónìí ní bíi àádọ́jọ ọdún ṣáájú Pluto.

Ohun tó gbé wọn dé Prague

Clyde Tombaugh, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, ló rí Pluto ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1930. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ní Oxford, Venetia Burney, ló dá a lábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ ní Pluto. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé ó tóbi tó Ayé. Lẹ́yìn tí wọ́n rí òṣùpá rẹ̀, Charon, ní 1978, wọ́n lè wọ̀n ọ́n dáadáa: ìwúwo Pluto kò tó ìdá kan nínú 400 ti Ayé. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,377 kìlómítà, òṣùpá wa sì fẹ̀ jù ú lọ.

Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó dá wà lọ́hùn-ún, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 1992, David Jewitt àti Jane Luu rí ohun mìíràn tí ń yí oòrùn ká ní agbègbè Pluto. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìyókù tú jáde bí èèrà. Ó wá hàn pé Pluto kò dá gbé. Àdúgbò ńlá kan ló wà, tí wọ́n ń pè ní ìgbànú Kuiper. Ní 2005, Mike Brown, Chad Trujillo àti David Rabinowitz kéde pé àwọn rí èyí tí wọ́n padà sọ ní Eris. Eris wúwo ju Pluto lọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ẹtì. Bí Pluto bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, kí ló máa ní kí Eris má jẹ́ ẹ? Bí Eris bá wọlé, mélòó ló ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ Lágbàáyé, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IAU, sì gbọ́dọ̀ dáhùn, torí ọwọ́ wọn ni fífún ohun ojú ọ̀run lórúkọ wà, ìlànà tí wọ́n sì fi ń sọ pílánẹ́ẹ̀tì lórúkọ yàtọ̀ sí ti àwọn ohun kékeré.

Àbá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá sí Prague ni pé ohunkóhun tó bá ń yí oòrùn ká, tó sì tóbi débi pé agbára òòfà ara rẹ̀ ti sọ ọ́ di róbótó, kí ó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ì bá sọ iye wọn di méjìlá: Ceres á padà wọlé, Charon àti Eris náà á wọlé. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, èyí tí wọ́n dìbò gbà nígbà tí ìpàdé náà ń parí lọ ní ẹ̀ka mẹ́ta. Kí ohun kan tó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì: àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ máa yí oòrùn ká, èkejì, ó gbọ́dọ̀ wúwo tó láti jẹ́ róbótó tàbí kó sún mọ́ ọn, ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ ti gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ní méjì àkọ́kọ́, tí kò ní ẹ̀kẹta, tí kì í sì í ṣe òṣùpá nǹkan mìíràn, pílánẹ́ẹ̀tì aràrá ni.

Ẹ̀kẹta yẹn ló lé Pluto jáde. Gbígbá ojú ọ̀nà mọ́ túmọ̀ sí pé nínú gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà yí oòrùn ká, òun ni baálé. Ó ti gbé àwọn kan mì, ó ti jù àwọn kan dànù, àwọn tó kù sì ń rìn bí agbára òòfà rẹ̀ bá ṣe darí wọn. Pluto kò lè ṣe ìyẹn ní àdúgbò tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ka kejì ń wo ohun tí nǹkan jẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀kẹta sì ń wo àwọn tó yí i ká. Òwe wa méjèèjì ló wà nínú oríkì kan ṣoṣo.

Àwọn tí kò gbà

Àtakò àkọ́kọ́ dá lórí ìbò náà. Iye àwọn tó dìbò jẹ́ 424, wọn kò sì tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá sí Prague ti padà sílé wọn. Alan Stern, olórí àwọn tó rán ọkọ̀ New Horizons lọ sọ́dọ̀ Pluto, kò gbà pé ìbò ló yẹ kó yanjú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá.

Àtakò kejì kan ẹ̀ka àkọ́kọ́. Ní 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz rí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ń yí ìràwọ̀ mìíràn tó jọ oòrùn ká, ohun tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2019 nìyẹn. Àwọn tí a ti mọ̀ báyìí lé ní 5,000. Oòrùn tiwa nìkan ni oríkì 2006 sì dárúkọ. Bí a bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn 5,000 yẹn tó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì.

Àtakò kẹta ló le jù, òun ló sì dá lórí ẹ̀ka kẹta. Àwọn tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta sọ pé ohun tó kan àwọn ni ohun tó wà lára ayé kan: òkè, yìnyín, afẹ́fẹ́, ohun tí ń lọ nínú rẹ̀. New Horizons kọjá lẹ́bàá Pluto ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2015, ó sì ya àwòrán àwọn òkè ńlá tó jẹ́ kìkì omi dídì, àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìnyín náítrójìn tí ń ṣàn. Wọ́n ní èyí jọ pílánẹ́ẹ̀tì ju Mercury lọ. Wọ́n tún ní bí a bá gbé Ayé fúnra rẹ̀ lọ síbi tí Pluto wà, kò ní lè gbá ibẹ̀ mọ́, nítorí pé ọ̀nà náà gùn jù. Ṣé nítorí pé a kó ilé ni a kò ní jẹ́ èèyàn mọ́? Ní 2017, àwọn kan láàárín wọn, tí Kirby Runyon ṣáájú, dá a lábàá pé kí a fi róbótó nìkan ṣe é. Tiwọn á mú kí pílánẹ́ẹ̀tì lé ní ọgọ́rùn-ún nínú agboolé oòrùn wa, òṣùpá tiwa náà á sì wà níbẹ̀.

Àwọn tó gbà ní èsì tó lágbára. Steven Soter fi ìwúwo pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wé ti gbogbo ohun mìíràn tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìwúwo Ayé tó ìlọ́po 1,700,000 ti àwọn yòókù lójú ọ̀nà tirẹ̀. Mars ló kéré jù nínú àwọn mẹ́jọ, òun náà sì tó ìlọ́po 5,000 àti díẹ̀. Nígbà tó kan Ceres, kò tó ìdajì àwọn tó yí i ká. Pluto kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láàárín 5,000 àti ìdajì, kò sí ẹnì kankan. Àlàfo ńlá ni, ojú ọ̀run ló sì fi í síbẹ̀. Àwọn tó dìbò ní Prague kọ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Ojú tí ọmọ ẹ̀ka wa lè fi wò ó

Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe jẹ́ méjì. Ẹni tó ń ṣírò bí àwọn ohun inú agboolé oòrùn ṣe ń fa ara wọn nílò láti mọ ẹni tó jẹ́ baálé lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ́ nípa òkè àti yìnyín kò nílò ìyẹn.

Ẹ wo Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹja ti pọ̀ bí omi. Edé àti akàn wà níbẹ̀, kò sì sí ìyá ẹlẹ́ja kan tó máa bá yín jiyàn bóyá ẹja ni wọ́n tàbí wọn kì í ṣe ẹja. Ohun tó kàn án ni èyí tó tutù àti èyí tó gbẹ, èyí tó tóbi àti èyí tó kéré, iye tó máa gbà á. Bákan náà, a máa ń sọ pé ẹja àbùùbùtán, ṣùgbọ́n onímọ̀ nípa ẹranko á ní àbùùbùtán kì í ṣe ẹja, torí ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Apẹja ń wo ibi tí nǹkan ń gbé, onímọ̀ ẹranko ń wo ìran tó ti wá.

Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀, a kọ́ nípa iṣẹ́ Eleanor Rosch ní àwọn ọdún 1970. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí ní àárín àti etí. Ẹyẹlé wà láàárín gbùngbùn ẹyẹ. Ògòǹgò tí kì í fò ti sún sí etí. Àdán ni tiwa, tí a ní kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Pluto ni àdán inú agboolé oòrùn. Bí a bá fipá fa ìlà kan ṣoṣo, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà létí rẹ̀ tí yóò máa ké.

Ohun mìíràn tún wà nípa orúkọ "pílánẹ́ẹ̀tì aràrá." Ní Prague, wọ́n gbé àbá kan wá pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún orúkọ àwọn mẹ́jọ, kí wọ́n máa jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì àbáláyé, kí àwọn aráyé lè mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì aràrá náà jẹ́ irú pílánẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n dìbò kọ̀ ọ́. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí òfin wọn, pílánẹ́ẹ̀tì aràrá kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìyẹn kò bá gírámà mu, pé aràrá náà èèyàn ni. Bí a bá sọ pé "ọkùnrin aràrá" lóòótọ́, ọkùnrin ni orí àpólà náà, ọkùnrin náà ló sì ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ọmọ odó kì í ṣe ọmọ, ọmọ ayò kì í ṣe ọmọ. Gírámà kò ní kó má ṣeé ṣe. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn ni pé aràrá dún bí èébú, bí ẹni pé wọ́n já Pluto kúrò nípò. Ẹgbẹ́ American Dialect Society gbọ́ ohùn yẹn: ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn fún ọdún 2006 ni "plutoed," èyí tó túmọ̀ sí pé a rẹ ẹnì kan sílẹ̀ kúrò nípò tó wà.

Ó kan àwa náà

Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kí ó kọ́kọ́ wo ilé wa. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ní ọdún yìí dá lórí ohùn àwọn èèyàn Ẹ̀pẹ́. Ìlú kan ni, ṣùgbọ́n ìhà méjì ló ní. Àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ sì wà, tí ìran wọn bá Kòsọ́kọ́ wá nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, àwọn kan kò bá a padà. Bí mo bá fẹ́ kọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ẹ̀ka-èdè méjì ni, àbí ọ̀kan tó ní àwọ̀ méjì? Kò sí ohun èlò tí mo lè gbé sẹ́nu àwọn èèyàn tí yóò dún nígbà tó bá kan ààlà.

Ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá kúrò ní Nàìjíríà. Ìlànà ISO 639-3, tó jáde ní 2007, ń fún èdè kọ̀ọ̀kan ní àmì lẹ́tà mẹ́ta. Yor ni ti Yorùbá. Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́, abẹ́ yor ni gbogbo wọn wà. Ṣùgbọ́n èdè àwọn ará Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin ní àmì tirẹ̀, cbj. Ti àwọn ará Ìdáìsà ni idd. Ti àwọn Ifẹ̀ tó wà ní agbègbè Atakpamé ní Tógò ni ife. Ṣé èdè wọn fúnra rẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, àbí ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà sáàárín wa? Ẹ̀ka kejì àti ẹ̀ka kẹta nìyẹn tún dé.

Èsì náà sì ń jẹ́ nǹkan fún èèyàn. Irú àmì yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ èdè tí ìwé kan wà nínú rẹ̀, òun ni àwọn tó ń ṣe ìtumọ̀ àti ìwé kíkà ń wò kí wọ́n tó pinnu ẹni tí wọ́n máa ṣe é fún. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé tí ọmọ Ṣábẹ máa lóye nílò ìlà kan. Ẹni tó ń tọpa ìran àwọn èdè náà, láti Ṣábẹ dé Ìṣẹkírì àti Ígálà, nílò ìlà mìíràn. Ẹni tó ń sọ pé ọmọ Odùduwà ni gbogbo wa ní ìlà tirẹ̀. Ọlọ́gbọ́n á kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ìlà náà ṣe, àti ẹni tó wà níjòkòó nígbà tí wọ́n ń fà á.

A ti ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1974, wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tí a ń lò báyìí, "aiye" di "ayé," "enia" di "ènìyàn." Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ṣì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ayé kan náà ni.

Kí ni kí a sọ fún ọmọ ilé ìwé?

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìnnì ní Ẹ̀pẹ́ nígbà ìsinmi. Ọ̀kan nínú wọn ń lo ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2006. Ó kọ mẹ́sàn-án sínú ìdánwò, wọ́n fa igi sí i. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ìwé ló parọ́ ni, àbí tíṣà?" Mo ní kò sí èyí tó parọ́. Mo ya tábìlì sílẹ̀ fún un: Ayé, Mars, Ceres, Pluto, Eris, òṣùpá. Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sókè: ṣé ó ń yí oòrùn ká ní tirẹ̀? Ṣé ó rí róbótó? Ṣé òun ni baálé lójú ọ̀nà rẹ̀? Ó fi bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ kún un fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní òun á yọ ìbéèrè kẹta kúrò, kí Pluto lè padà wọlé. Mo ní kó ka iye tó máa wọlé pẹ̀lú Pluto. Ó kà á, ó rí Ceres àti Eris, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí onímọ̀ ìràwọ̀ ń ṣe ló ṣe yẹn: ó yan ìbéèrè, ó wo ẹni tí ìbéèrè náà kó wọlé àti ẹni tó tì síta, ó sì pinnu èyí tó lè fara mọ́. Ìyẹn dára ju kó há mẹ́jọ sórí lọ, torí mẹ́jọ náà lè má pẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, IAU ṣe ìpàdé gbogbogbòò wọn ní Cape Town, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wáyé nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, Jean-Luc Margot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé oríkì tuntun jáde, èyí tó lo ìwúwo, tó sì gba àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká wọlé. Pluto kò wọlé nínú tiwọn náà. Oríkì tó wà lórí àga lónìí ṣì ni ti 2006.

Nígbà tí wọ́n bá tún bi wá ní oríkì fóníìmù nínú ìdánwò tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ èyí tí wọ́n kọ́ wa, torí máàkì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kí a tún bèèrè lọ́wọ́ ara wa: ta ló ṣe é, iṣẹ́ wo ló ṣe é fún, kí ló sì tì síta?